Ìwé Tí Káfíńtà Lọ Gbà

Kí oòrùn tó yọ dáadáa lọ́jọ́ Ẹtì yẹn ni wọ́n ti ní kí Káfíńtà kẹ́rù rẹ̀. Kò jalè, kò jẹ owó ilé, kò sì gbá ẹnikẹ́ni létí. Ojú ìyàwó rẹ̀ ló wú.

Ó wú lóòótọ́, ká má parọ́. Ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì sanra bí ẹni pé wọ́n ní ìkòkò tiwọn tí wọ́n ti ń jẹun. Ẹyinjú fúnra rẹ̀ ti sá sẹ́yìn, àfi kéèyàn kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn kó tó rí i kí. Obìnrin náà kàn gbé garawa lọ síbi ẹ̀rọ omi bó ṣe ń ṣe láràárọ̀ ni, ni Ìyá Oníbúrẹ́dì tó ń gbé yàrá kejì sí tiwọn bá gbójú sókè níbi tó ti ń to búrẹ́dì sínú àwo. Ohùn Ìyá Oníbúrẹ́dì kì í ṣe ohùn kékeré o. Bó bá kígbe lówùúrọ̀, òkú ọjọ́ mẹ́ta á jí, á sì bèèrè bóyá búrẹ́dì ti gbóná.

"Yéè! Ẹ gbà wá o! Káfíńtà ti fọ́ ìyàwó ẹ̀ lójú!"

Gbogbo ilé jáde. Ẹni tó ń fọ eyín jáde pẹ̀lú ìhó lẹ́nu, ẹni tó ń wẹ̀ jáde pẹ̀lú ọṣẹ létí. Bàbá arúgbó tó ní ẹsẹ̀ òun ò gbé òun láti bí ọdún méjì dé ibẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn.

"Kò sẹ́ni tó fọ́ mi lójú," ni obìnrin náà ń wí. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti há láti oṣù mélòó kan, ó sì ti di ẹni tó ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa kọ́bọ́ọ̀dù gun òkè. Kó tó débi tó ti fẹ́ sọ pé, "Bàbá ọmọ mi kò…," Ìyá Oníbúrẹ́dì ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ ò rí i? Ẹ̀rù ń bà á! Bí wọ́n ṣe máa ń sọ nìyẹn. Àbúrò mi náà ń sọ bẹ́ẹ̀ títí eyín mẹ́ta fi kúrò lẹ́nu ẹ̀!"

Káfíńtà jáde síta tòun ti pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé pẹ́ńsùlù yẹn ni wọ́n bí i mọ́. Iná ló rò pé ó ń jó. Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ̀rín ló bú sí, àṣìṣe tó sì kọ́kọ́ ṣe nìyẹn.

"Èmi? Kí n na ìyàwó mi? Ẹ wò mí, ẹ wò ó. Bó bá gbá mi padà ẹ̀ẹ̀kan, ìlú kejì lẹ ti máa lọ wá mi!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"A gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́ àná," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí. "Gbogbo wa la gbọ́ ọ. 'Gbà! Gbà! Gbà!' O tún ń pariwo pé, 'Wàá dúró síbẹ̀ lónìí! Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ!'"

"Ìṣó ni mò ń bá wí!"

"Ìṣó?"

"Ìṣó! Bẹ́ẹ̀dì ló ń dún, mo wá ń kan igi mọ́ ọn lábẹ́. Ìṣó burúkú yẹn ń tẹ̀, mo sì ń bá a wí. Ṣé ẹ̀yin náà kì í bá búrẹ́dì wí ni?"

Òótọ́ ni. Àmọ́ òótọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé aṣọ irọ́ ló wọ̀ jáde nílé, ta ló máa wá kí i? Ìyá Oníbúrẹ́dì nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, níbi tí ìkòkò kékeré kan ti ń hó lórí sítóòfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ńlá.

"Ẹ tún wo èyí! Kì í jẹ́ kó bá wọn jẹun. Ìkòkò ẹ̀ lọ́tọ̀, bí ẹran ọ̀sìn!"

"Òun ló ya ìkòkò ara ẹ̀ sọ́tọ̀!" Inú ti ń bí Káfíńtà wàyí. "Ó lóun ò jẹ iyọ̀ mọ́. Mo ní kí ló dé, kò rí nǹkan gidi sọ. Mo ṣáà kan pẹpẹ kékeré fún ìkòkò náà, kó má baà ṣubú. Ṣé ìyà nìyẹn?"

Ibẹ̀ ni Màmá Onílé ti dé. Obìnrin kúkurú ni, ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rí, ọ̀pá rẹ̀ sì ga jù ú lọ. Kò pariwo rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá húkọ́, àwọn adìyẹ á tò sórí ìlà. Òfin kan ṣoṣo ló fi lélẹ̀ nínú ilé náà, wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó tó wà lókè ẹ̀rọ omi. Nítorí òfin yìí, ó ti lé agẹrun kan jáde rí, tí oníbàárà tó ń gẹrun fún lọ́wọ́ sì fi orí tí wọ́n gẹ̀ dé ìlàjì lọ sílé.

"Káfíńtà."

"Màmá."

"Ka ohun tó wà lára pátákó yẹn sí mi létí."

Kò sídìí tó fi yẹ kó kà á, òun gan-an ló gé pátákó ọ̀hún. Àmọ́ ó kà á. "Okùnrin tó bá na obìnrin nínú ilé yìí, kó kẹ́rù kí oòrùn tó wọ̀."

"O ṣeun. Kí ló ṣe ojú ìyàwó ẹ?"

"Màmá, mi ò nà án."

"N ò bi ọ́ ní ìyẹn. Mo ní kí ló ṣe ojú ìyàwó ẹ?"

Káfíńtà la ẹnu, ẹnu ọ̀hún sì ṣófo bí àpótí tí wọn ò tíì kó ẹrù sí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Màmá àgbà, bàbá mi ò na ìyá mi. Ojú wọn ti pẹ́ tó ti ń wú. Mo tiẹ̀ sọ fún bàbá mi nígbà tí a…"

"Ẹ gbọ́!" Káfíńtà fò sókè. Ayọ̀ ò jẹ́ kó gbọ́ ìyókù. "Ẹ gbọ́ o, gbogbo ilé! Ó ti pẹ́ tó ti ń wú! Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná! Mo ti ń pè é ní Olójú-Búrẹ́dì láti bí oṣù mẹ́ta!"

Màmá Onílé wò ó. Ìwò yẹn pẹ́. Bó bá jẹ́ pákó ló wò bẹ́ẹ̀, pákó náà ì bá ti ká.

"Lọ gba ìwé wá lọ́sibítù," ló wá sọ. "Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò nà án. Bí oòrùn bá wọ̀ tí n kò rí ìwé yẹn, n kò fẹ́ rí ọ mọ́."

Bí wọ́n ṣe lọ sọ́sibítù nìyẹn. Ẹ jẹ́ n tún un sọ, nítorí òun gan-an ló ń dùn mí: ìwé ni wọ́n lọ gbà.

Oòrùn ọjọ́ náà mú débi pé alángbá ń wá ibòji lábẹ́ alángbá ẹgbẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ súwẹ́tà ni obìnrin náà wọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn èèyàn lọ aṣọ, ó sì ti di àwàdà láàárín wọn pé áyọ́ọ̀nù gbígbóná nìkan ni ọ̀rẹ́ tó kù fún un láyé. Káfíńtà ń lọ níwájú, ó ń yára. Bó bá ti dé ìkóríta, á dúró, á wo ẹ̀yìn, á sì rí i lókèèrè tó ń bọ̀ bí ẹni ń wọ́ odò kọjá.

"Ìyàwó, ẹsẹ̀ dà? Ṣé ìgbín ló bí ọ ni?"

"Mò ń bọ̀," ni obìnrin náà wí.

Ọ̀sán ti pọ́n kó tó kàn wọ́n. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gbà wọ́n wọlé, obìnrin tí iṣẹ́ ti rẹ̀, tó fi ìgò ojú sórí bí adé.

"Kí ló ń ṣe yín?"

"Ìwé la wá gbà," ni Káfíńtà wí.

"Ìwé kí ni?"

"Ìwé pé mi ò na ìyàwó mi."

Nọ́ọ̀sì náà rọra sọ ìgò rẹ̀ kalẹ̀ sójú. Ó wo Káfíńtà, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ní kí Káfíńtà jáde ná. Ó jáde, ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó kíyè sí i pé wọn ò gbé ilẹ̀kùn ọ̀hún dáadáa, àlàfo tó wà lókè rẹ̀ fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì ju tìsàlẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ mú báyẹn. Bí òpó kan bá wọ́ nílé kẹta, á ti mọ̀ lójú oorun.

Nígbà tí wọ́n pè é padà, nọ́ọ̀sì ti ń kọ̀wé.

"Kò sẹ́ni tó nà wọ́n," ló wí. "Mo ti yẹ̀ wọ́n wò, kò sí ojú ìpalára."

"Ha! Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà o, Màmá! Kí afọ́jú rí i kà!"

"Ẹ jókòó. Ó ku ohun tí mo fẹ́ bi yín. Wọ́n ní àwọn ò rántí ọjọ́ dáadáa mọ́. Ìgbà wo ni òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn?"

"Ìyẹn ò le," ni Káfíńtà wí, ó sì jókòó dáadáa. "Ìgbà tí mo dí fèrèsé ni. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọdún tuntun. Ó lóun ò lè sùn, atẹ́gùn ń wọlé. Mo dí i débi pé eṣinṣin ò lè kọjá bó bá gbé ìwé àṣẹ lọ́wọ́."

"Ara wọn wúwo sí i?"

"Bẹ́ẹ̀dì ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo ti kan igi mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì. Ti àná ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀."

"Ṣé àtẹ̀gùn ṣì rọrùn fún wọn láti gùn?"

"Mo ti ṣe igi ìdìmú síbẹ̀. Mo fi pépà oníyanrìn dán an, kò lè gún un lọ́wọ́."

"Irun wọn ńkọ́?"

"Ó ń dí ihò omi balùwẹ̀. Mo ti ṣe asẹ́ sí i."

"Ṣé wọ́n máa ń gbàgbé nǹkan?"

"Ó gbé aṣọ ẹnì kan fún ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bá kan pátákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kó máa kọ orúkọ wọn sí i."

Nọ́ọ̀sì ò kọ nǹkan kan mọ́. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó kàn ń wò ó. Fáànù òkè ń yí, ó ń dún kẹ̀ẹ́kẹ̀, kẹ̀ẹ́kẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tẹ orí ba, ó ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀ tí awọ wọn ti gbẹ tó ń ṣí. Ìgbà náà ni Káfíńtà gbọ́ ohùn ara rẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ti ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan. Fèrèsé. Bẹ́ẹ̀dì. Igi ìdìmú. Asẹ́. Pátákó. Kò sí èyí tí kò ṣe dáadáa nínú wọn. Kò sì sí èyí tó bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ lé lórí ju kó sọ pé, "Sún sọ́hùn-ún, jẹ́ n wọn ibí yìí." Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

"Kí lẹ ń jẹ nílé?" ni nọ́ọ̀sì wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ìyàwó yín ní àwọn ti fi iyọ̀ sílẹ̀."

Obìnrin náà gbórí sókè. "Ẹnì kan tí mò ń bá lọ aṣọ ló sọ fún mi pé iyọ̀ máa ń mú kí ojú wú. Mo wá ń se tèmi lọ́tọ̀. Oṣù méjì rèé. Wíwú náà ò lọ."

Oṣù méjì. Káfíńtà rántí pẹpẹ kékeré tó kàn fún ìkòkò náà. Ó tiẹ̀ ti fi ọ̀dà pupa kùn ún.

"Kò parọ́ fún yín," ni nọ́ọ̀sì wí. "Iyọ̀ àpọ̀jù máa ń mú kí omi dúró sí ojú. Àmọ́ irú iyọ̀ wo lẹ ń lò tẹ́lẹ̀?"

"Iyọ̀ Aláwọ," ni Káfíńtà wí. "Ẹni tó ń ra awọ màlúù lọ́wọ́ àwọn alápatà. Mo kan àgbékọ́ fún un, ó fún mi ní àpò iyọ̀ kan, èyí tí wọ́n fi ń pa awọ mọ́ kó má baà rà. Ọdún kejì rèé tí a ti ń jẹ ẹ́." Nítorí ẹ̀rù ti ń bà á, ó gbìyànjú àwàdà. "Mo ní bó bá lè tọ́jú awọ màlúù, ṣé kò ní tọ́jú tiwa ni?"

Àwàdà náà já bọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a gbé e.

Nọ́ọ̀sì náà fi ìka méjì kan iwájú ọrùn obìnrin náà, ó ní kó gbé itọ́ mì. "Ohun kékeré kan wà níbí, ó rí bíi labalábá. Tairọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń dáná fún ara. Bí iná náà bá ń kú lọ, òtútù á máa mú èèyàn, á máa rẹ̀ ẹ́, ohùn á há, irun á máa já, ojú á sì wú. Kì í ṣe oorun, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń fẹ́ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní áyódìn, wọ́n sì máa ń fi í sínú iyọ̀ tó yẹ ká máa jẹ. Iyọ̀ awọ lè má ní in rárá. Mi ò sọ pé òun ló fà á o. Nǹkan míì lè fà á. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ fún wa, bó bá sì rí bí mo ṣe rò, oògùn rẹ̀ wà. Àmọ́ kò yẹ kó pẹ́ tó báyìí."

Ìwé méjì ló nà sí wọn. Ọ̀kan sọ pé kò sí ìpalára. Èkejì sọ pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ wà lópin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló wà lórí ìjókòó. Káfíńtà kà wọ́n. Ó wo òjìji fèrèsé lórí sìmẹ́ńtì, ó ti ń gùn. Ó fi ojú wọn òjìji náà bó ṣe ń wọn pákó, ó yọ ìrìn ilé kúrò nínú rẹ̀, ó yọ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ tí kò yá kúrò.

"Ẹ pa dà wá lọ́jọ́ Ajé bí kò bá kàn yín," ni ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wí. "A kì í ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká dúró," ni ìyàwó Káfíńtà wí. Ó ti jókòó, kò tiẹ̀ dúró kí ó gbọ́ èsì. "Bàbá ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká kúkú dúró."

"Ilé ni wọ́n fẹ́ lé wa kúrò, ìyàwó! Ṣé orí ẹ̀jẹ̀ la máa sùn?"

"Ó ti rẹ̀ mí láti máa lọ, kí n tún máa bọ̀."

"Lọ́jọ́ Ajé. Mo ṣèlérí. Mo máa fi ọmọlanke gbé ọ bíi kọ́bọ́ọ̀dù ọlọ́ba."

Obìnrin náà wò ó, bó bá ṣe wíwò ni ohun tí ojú yẹn lè ṣe. Ó dìde.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, àwọn èèyàn ti tò kalẹ̀ bí ẹni ń retí ọkọ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì ò tiẹ̀ tajà lọ́jọ́ náà, kó má baà pàdánù ìran náà. Màmá Onílé gba ìwé, ó kà á jáde pẹ̀lú ohùn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, títí dórí àmì ìparí gbólóhùn. Kò sí ìpalára. Ẹnikẹ́ni ò lù ú.

"Ó tán!" ni Káfíńtà wí. Ó jó ẹsẹ̀ kan. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wọn yàrá mi lójú, ẹ lọ wọn tiyín!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì mú odindi búrẹ́dì kan wá, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Má bínú, Káfíńtà. Ṣebí ojú lọ̀rọ̀ wà."

"Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́," ni Màmá Onílé wí. Ìwé kejì, tó lẹ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Èyí ńkọ́? Wọ́n ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lónìí. Ṣé wọ́n ti gbà á?"

Káfíńtà gbá búrẹ́dì náà mọ́ àyà. "Èrò pọ̀, Màmá. Mo ní kí oòrùn má lọ wọ̀."

"Ìwọ ní kí oòrùn má lọ wọ̀." Màmá Onílé ká ìwé náà, ó ká a lẹ́ẹ̀kejì. "O ní ọmọ nílé. Ìbá ṣe pé o fi ìwé kìíní rán ẹnikẹ́ni sí mi, o rò pé mi ò ní gbà á?"

Káfíńtà ò rò ó rí. Òun tó ti wọn òjìji tó yọ ẹsẹ̀ obìnrin kúrò nínú rẹ̀, kò rò ó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró sẹ́nu ọ̀nà. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í túká, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìkí ara wọn.

Ó wọlé. Obìnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò bọ́ súwẹ́tà, kò bọ́ bàtà. Àwọn aṣọ tó yẹ kó ti lọ̀ tò jọ níwájú rẹ̀ títí dé orókún.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ti dá mi láre," ni Káfíńtà wí.

"Ẹ ṣeun," ló wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó ń kó èémí jọ bí ẹni ń kó ẹrù. "Èmi ńkọ́?"

Káfíńtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ kan tó lè pa á lẹ́rìn-ín, bó ṣe máa ń ṣe, ó wá a títí. Níta, oòrùn ò tíì wọ̀, ìmọ́lẹ̀ ṣì pọ̀ lórí òrùlé, ó tó kí èèyàn mẹ́tàdínlógún gba ẹ̀jẹ̀, kí ó sì tún ṣẹ́ kù.